Ẹni Tó Ni Mọ́tò Ni Kó Fọ̀ Ọ́

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, ọ̀rẹ́ wa kan kọ àròkọ kan tí gbogbo yín fi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Ó ní òun rí olùkọ́ kan lẹ́yìnkùlé ilé ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tó ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún, tó ń fọ mọ́tò ara ẹ̀, ó ní ojú ti òun bá ọkùnrin náà. Ó ní ahun ló ń ṣe é. Ó ní ẹni tó bá ti lè ra mọ́tò yẹ kó lè rí ọmọ kékeré kan tí á máa bá a fọ̀ ọ́, àti pé iṣẹ́ wà tí kò yẹ ká bá lọ́wọ́ ẹni tó ti kàwé. Ibi "ọmọ kékeré kan" yẹn ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo pa ìwé náà dé, mo ní màá fèsì.

Èmi ni ọmọ kékeré yẹn.

Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá títí mo fi pé mẹ́tàdínlógún, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo gbé n'Ìbàdàn. Dádì là ń pè wọ́n nínú ilé. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú o. Àwọn ló san owó iléèwé mi, n kò sì kọ èyí láti bú wọn. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo ti máa ń wà nídìí mọ́tò wọn. Lásìkò ọyẹ́, omi inú dúrọ́ọ̀mù á tutù débi pé ọwọ́ mi á kú, mi ò ní mọ̀ pé mo di àkísà mú mọ́. Korobá kan, ọṣẹ ìfọṣọ inú ọ̀rá ẹ̀kúnwọ́ kan, àti síńgílẹ́ẹ̀tì Dádì kan tó ti gbó: irinṣẹ́ mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màá da ọṣẹ sómi, màá ri àkísà bọ̀ ọ́, màá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ mi bá tó, ìyẹn ìsàlẹ̀, níbi tí ẹrẹ̀ pọ̀ sí jù. Lẹ́yìn náà ni màá gun orí táyà kí n tó lè dé òrùlé. Àkísà tí mo fi nu ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ táyà náà ni mo fi ń nu bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kò dáa.

Àwọn ọmọ Dádì méjèèjì, tí èmi àti wọn jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí n tó fọ mọ́tò tán, kí n wẹ̀, kí n wọ yúnífọ́ọ̀mù, ilẹ̀ á ti mọ́ kedere. Wọ́n á wọ inú mọ́tò tí mo fọ̀, wọ́n á lọ sí iléèwé tiwọn. Èmi á fẹsẹ̀ rìn lọ sí tèmi, màá sì lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì pẹ̀lú àwọn tó pẹ́ dé. Ọdún méje.

Mọ́tò náà dúdú. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ó ń dán bí ojú dígí, èèyàn lè fi ya irun. Kò ju ọdún méjì lọ tí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ẹ̀, bí òwú aláǹtakùn, pàápàá tí oòrùn bá tàn sí i. Lọ́jọ́ Sunday kan, ẹnì kan fi mọ́tò náà ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a ṣe délé, Dádì pè mí síta, wọ́n fa orí mi súnmọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí n wo ohun tí mo ṣe. Wọ́n gbá mi létí. "Ìwọ lo ba mọ́tò mi jẹ́!" Mo búra pé èmi kọ́. Ọjọ́ pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, èmi ni mo bà á jẹ́. Ìyẹn ló tún wá ń dùn mí ju ìgbátí lọ.

Ibi tí mo ti mọ̀ nìyí. Lọ́dún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, àwọn olùkọ́ yunifásítì wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Àwọn kan nínú yín lọ kọ́ aṣọ rírán, àwọn kan kọ́ ìpara ojú. Èmi lọ bá ọ̀gá pẹ́ńtà kan, mo ń bá wọn ha ọ̀dà kúrò lára mọ́tò tó ti bàjẹ́. Ọ̀gá yìí kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ọ̀dà, ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jiyàn kó gbé oúnjẹ ọ̀sán dání. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ohun tí ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún mi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀dà ara mọ́tò òde òní kì í ṣe ẹyọ kan. Lára irin, wọ́n á kọ́kọ́ fi èyí tí kì í jẹ́ kó dípẹtà sí i, wọ́n á fi èyí tí àwọ̀ á lè lẹ̀ mọ́ lé e, wọ́n á kun àwọ̀ fúnra ẹ̀, wọ́n á wá fi ọ̀dà kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì bo gbogbo ẹ̀. Àwọn pẹ́ńtà ń pe èyí ní clear. Òun ló ń dán tí ojú wa ń rí. Òun náà ni kì í jẹ́ kí oòrùn tètè pa àwọ̀ abẹ́ ẹ̀. Ìnípọn ẹ̀ kì í sáábà ju nǹkan bíi 0.05 mìlímítà lọ. Ẹ fọwọ́ kan ìwé tí ẹ ń kà yìí. Ìwé fọ́tókópì lásán ni, ó nípọn tó nǹkan bíi 0.1 mìlímítà. Ìdajì ìnípọn abala ìwé yìí ni gbogbo ohun tó wà láàárín dídán mọ́tò yín àti àwọ̀ ẹ̀. Òun ni mò ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì oníyanrìn gbo láràárọ̀ fún ọdún méje.

Yanrìn le ju ọ̀dà lọ, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Ilẹ̀ pupa tiwa yìí kún fún yanrìn. Eruku ọyẹ́ tó ń bọ̀ láti ìhà Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, tó ń bà lé mọ́tò bí ìyẹ̀fun, ẹ má fi ojú ìyẹ̀fun wò ó. Tí àkísà bá ti mú un, tí ẹ wá ń fi àkísà náà yí bírípo lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ti di ẹni tó ń fi sáńpépà nu mọ́tò. Ìlà òwú aláǹtakùn tí Dádì rí kì í ṣe iṣẹ́ oòrùn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ojú ipa àkísà ni.

Ọṣẹ ńkọ́? Iṣẹ́ tí wọ́n rán ọṣẹ ìfọṣọ ni pé kó ká ọ̀rá kúrò lára aṣọ. Kò mọ̀yàtọ̀ láàárín ọ̀rá ọbẹ̀ àti ìda tí wọ́n fi ń pa mọ́tò kó lè máa dán, gbogbo ẹ̀ ló ń ká lọ. Ìda yẹn gan-an, èyí tó dára jù nínú ti ìbílẹ̀, ara ewé igi ọ̀pẹ kan ni wọ́n ti ń há a ní àríwá ìlà-oòrùn Bùràsíìlì, carnauba lorúkọ ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe jìnnà tó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnì kan á lọ fi owó gidi ra agolo ẹ̀, á fi pa mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé, tó bá di Monday, á bu ọṣẹ ìfọṣọ ẹ̀kúnwọ́ fún ọmọ ọ̀dọ̀ pé kó lọ fi fọ̀ ọ́.

Àwọn bàbá wa lè ní ṣebí bí àwọn ṣe ń fọ tàwọn nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mọ́tò ìgbà náà yàtọ̀. Píjò 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, àti Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá tí wọ́n ń tò l'Ékòó láti ọdún yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní clear lórí. Àwọ̀ náà ni dídán náà, ó sì nípọn. Tó bá ti ṣú, wọ́n á fi póḷíìṣì gbo ó, àwọ̀ díẹ̀ á tẹ̀ lé àkísà, ojú tuntun á yọ. Ọ̀dà yí padà, àkísà wa ò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ sí ibi tí mo ti mọ̀ jù, torí èdè ni mo wá kà níbí, mi ò wá ka mọ́tò. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìṣe tí a lò ló ṣì wá lọ́nà. Abọ́ là ń fọ̀, ìkòkò là ń fọ̀, aṣọ là ń fọ̀: nǹkan tí à ń gbo. (Ẹ má sọ fún mi pé à ń fọ eyín àti irun, mo mọ̀.) Ọmọ là ń wẹ̀. Nígbà tí mọ́tò dé, a lọ tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, a sì gbé kànìnkànìn tì í. Tó bá jẹ́ pé "wẹ mọ́tò" là ń wí ni, bóyá ọwọ́ wa ì bá mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ẹ wo ìyá tó ń wẹ ọmọ tuntun. Kì í gbé e sínú oòrùn ọ̀sán gangan. Kì í fi kànìnkànìn kan ara ọmọ nígbà tí ara náà ṣì gbẹ. Omi ló kọ́kọ́ ń bù sí i lára, tí ìdọ̀tí tó lè tú á fi tú fúnra ẹ̀. Láti orí ló ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ìdí ló ń fọ̀ kẹ́yìn, kì í sì í gbé ọwọ́ tó fi fọ ìdí padà sójú ọmọ. Ọṣẹ tó rọra ló ń lò. Tó bá ṣàn án tán, kò ní fi í sílẹ̀ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́, á fi aṣọ múlọ́múlọ́ tẹ omi ara ẹ̀, kò ní gbo ó.

Kò sí nǹkan kan tí ọ̀gá mi kọ́ mi nípa mọ́tò tí kò sí nínú ìyẹn, àfi korobá kejì. Omi ọṣẹ wà nínú ọ̀kan, omi lásán wà nínú èkejì. Kí fóòmù tó padà sínú ọṣẹ, ẹ ti í bọ omi lásán ná, kó tu yanrìn tó kó sílẹ̀. Rímù àti táyà ní àkísà tiwọn lọ́tọ̀, torí irin wẹ́wẹ́ tí bíréèkì ń jẹ dànù ló wà lára wọn. Ìgbẹ́ ẹyẹ, ẹ má fi èékánná ha á. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kó rọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó sùn síbẹ̀, ó ń jẹ ọ̀dà wọlé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ kápẹ́ẹ̀tì inú, ẹ gbọn yanrìn ẹ̀ nígbà tó ṣì gbẹ, kẹ́ ẹ tó fómi kàn án, kẹ́ ẹ sì má ṣe é lọ́jọ́ tí òjò ń ṣú, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa rùn bíi fùfú. Ti ẹ́ńjìnnì, ẹ fi àkísà tó tutù díẹ̀ nù ún. Ẹni tó bá tú omi lé e lórí bí ẹni ń pa iná, kó ti fi owó rìwáyà pamọ́. Ó tán.

Mo lè kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní gbogbo ìyẹn láàárín wákàtí kan. Kí ló wá dé tí kò sẹ́ni tó kọ́ mi fún ọdún méje? Torí ẹni tó ń ṣe é kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn, iṣẹ́ náà kò lè jẹ́ nǹkan kan. Ẹni tó ni mọ́tò kò mọ̀ ọ́n, torí kò ṣe é rí. Ẹni tó ń ṣe é kò mọ̀ ọ́n, torí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ni a máa ń mọ orúkọ ẹni tó ń fọ mọ́tò.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 wà. Ọmọdé lójú òfin náà ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Abala 28 ní kí ẹnikẹ́ni má gba ọmọdé síṣẹ́, àfi tó bá jẹ́ ẹbí ẹ̀ ló fún un ní iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ ti oko, ti ọgbà tàbí ti inú ilé. Ẹbí. Iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́. Ẹ ò rí ihò yẹn? Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá. "Ọmọ àbúrò mi ni." "Ṣebí mọ́tò ló ń fọ̀, ṣé òkúta ló ń fọ́ ni?" Mi ò sọ pé kí ọmọdé má ṣiṣẹ́ ilé o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ọmọ tí kò bá mọ ilẹ̀ gbá, ìyá ẹ̀ ló máa jìyà. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, bí fífọ mọ́tò bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé lóòótọ́, kí ló dé tí àwọn ọmọ onílé kì í kọ́ ọ? Kí ló dé tó jẹ́ ọmọ àbúrò nìkan ni ẹ̀kọ́ náà máa ń jí láago márùn-ún ààbọ̀?

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìkan ni mò ń sọ. Nínú ọgbà wa níbí, mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní mọ́tò, ẹgbẹ́ wa ni, tó máa ń pe ọmọ tó ń kiri píọ́wọ́tà kó gbé igbá ọjà ẹ̀ kalẹ̀, kó wá bá a fọ mọ́tò gba owó tí kò tó ra búrẹ́dì. Ìwọ tó wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún, tí apá ẹ le bí irin, tó ń sanwó lọ gbé irin sókè! Mo tún mọ àwọn tó ń fọ mọ́tò olùkọ́ nítorí máàkì. Ìyẹn ní orúkọ míì, mi ò ní pè é níbí.

Ọ̀rẹ́ mi bi wá pé tí gbogbo wa bá ń fọ mọ́tò nílé, kí ni kí àwọn tó wà ní káàwọ́ọ̀ṣì jẹ? Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò ní fò ó. Àgbàlagbà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jù, wọ́n á dá iye tí wọ́n fẹ́, ẹ san án, ìjà mi ò sí lọ́dọ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú aṣọ tiyín dání, torí aṣọ kan náà ni wọ́n ń fi nu mọ́tò mẹ́wàá. Ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi dísù pa táyà yín. Á dán títí ẹ ó fi délé, ṣùgbọ́n epo rọ̀bì kì í bá rọ́bà ṣọ̀rẹ́, á máa wọ inú ẹ̀, á máa mú un wú, á máa mú un rọ̀.

Ibi kan ṣoṣo wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ò mẹ́nu bà á: omi. Ẹni tó bá gbé rọ́bà omi sílẹ̀ tó ń tú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó jẹ́ lítà mẹ́wàá péré ní ìṣẹ́jú kan, ó ti da 300 lítà sílẹ̀ ládùúgbò tí àwọn kan ti ń to korobá sẹ́yìn kànga láti ìdájí. Omi yẹn, tòun ti ọṣẹ àti epo, á sì máa wá ibi tó máa wọ̀. Níbi púpọ̀, kànga ló máa bá. Nítorí náà, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa fọ ẹ́ńjìnnì tó ń da epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Korobá mẹ́rin tó mọ́tò kan dáadáa: méjì láti fi ṣàn án, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún fóòmù. Ẹni tó ń fa omi fúnra ẹ̀ kì í fi ṣòfò. Ẹni tí ẹlòmíràn ń fa omi fún ni kì í mọ iye korobá tó lọ.

Ní ìsinmi Àjíǹde tó kọjá, mo lọ kí Dádì. Ọmọ kan ti wà níbẹ̀ báyìí, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Láago márùn-ún ààbọ̀, mo gbọ́ ìró korobá. Mo dìde, mo gbé korobá kejì, mo lọ bá a. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ díẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn Dádì, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá wo nǹkan. Wọ́n jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Wọ́n ní ṣé ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba fóòmù lọ́wọ́ mi, wọ́n fọ ilẹ̀kùn dírébà. Wọ́n bi mí pé kí ni korobá kejì ń ṣe. Mo rọra yí omi ẹ̀ dà nù, mo fi yanrìn tó kù nísàlẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọn ò sọ̀rọ̀ ìgbátí, èmi náà ò sọ ọ́. Fóònù wọn dún, wọ́n wọlé lọ. Èmi àti ọmọ náà la fọ èyí tó kù.

Lọ́jọ́ kejì tí mo máa padà sí ọgbà, mo tún gbọ́ ìró korobá ní ìdájí. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọmọ náà nìkan ló wà níbẹ̀. Korobá méjì ló gbé dání. Mo wọ bàtà mi, mo sì padà lọ kan ilẹ̀kùn Dádì.